Ọmọ Mẹ́jọ Nínú Ẹ̀jẹ̀ Naw

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Kai Ring nígbà tó kọ́kọ́ fojú ara rẹ̀ rí kòkòrò ibà, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti ríran bí àwa yòókù ti ń ríran mọ́. Bí àwa bá rí ẹni tó ń gbọ̀n lábẹ́ kúbùsù, àánú rẹ̀ á ṣe wá, a ó sì máa wá omi gbígbóná kiri. Òun ní tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ ẹni náà ló máa ń rò. Á máa ro ohun tó ń gbé inú rẹ̀, ohun tó ń jẹ níbẹ̀ àti iye ọmọ tó ti bí.

Etí ààlà ìpínlẹ̀ Yunnan ni ìlú wa wà, níbi tí odò ti pín ilẹ̀ Ṣáínà àti ilẹ̀ Bọ́mà níyà. Ẹ̀yà Jingpo ni wá níhìn-ín, Jingpo náà ni wọ́n lódìkejì. À ń fẹ́ ọmọ wọn, wọ́n ń fẹ́ ọmọ wa, adìẹ tiwọn sì ń wá jẹ ìrẹsì tiwa láìbéèrè lọ́wọ́ ìjọba kankan. Iṣẹ́ Kai Ring ní ilé ìwòsàn wa ni kí ó gún èèyàn níka, kí ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, kí ó da aró sí i, kí ó sì fi máíkíróskóòpù wo ohun tó bá wà níbẹ̀. Ìyá Agúnka làwọn ọmọdé ń pè é. Bí wọ́n bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Ọdún 1983 ló bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún náà, ibà jà nílẹ̀ wa débi pé ìrẹsì gbó sóko, kò sẹ́ni tó lè kórè rẹ̀. Ìjọba rán olùkọ́ kan wá láti ìlú ńlá, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Shen, pé kó kọ́ ọmọ ìbílẹ̀ kan ní iṣẹ́ wíwo ẹ̀jẹ̀. Kai Ring ló mọ̀wé jù nínú àwọn tó wà nílẹ̀ tí ara wọn yá, òun ni wọ́n mú. Ó gbójú lé awò máíkíróskóòpù náà, kí ló rí? Igi dúdú gbọọrọgbọọrọ. Ó figbe ta.

“Irun ìpéǹpéjú rẹ nìyẹn,” ni Bàbá Shen wí. “Sún ojú sẹ́yìn díẹ̀, kí o fara balẹ̀.”

Ó fara balẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ là. Hóró ẹ̀jẹ̀ tẹ́ lọ bẹẹrẹ níwájú rẹ̀, roboto roboto, wọ́n pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Nínú ọ̀kan nínú wọn, nǹkan kan jókòó. Òrùka ni, òrùka búlúù tín-ín-rín tí wọ́n fi ẹyọ òkúta pupa kan sí lórí. Ó lẹ́wà ju òrùka èyíkéyìí tí Kai Ring rí rí lọ.

“Ṣé eléyìí ló ń pa wá?”

“Òun ni.”

“Ó mà kéré o, Bàbá. Ó sì tún dára!”

Orí rẹ̀ wú. Ó sọ fún mi pé ẹkún ló kọ́kọ́ fẹ́ sun, kò sì mọ̀ bóyá ti ẹ̀rù ni tàbí ti ẹwà ohun tó rí. Bàbá Shen fún un ní pẹ́ńsù aláwọ̀ mélòó kan àti ìwé, ó ní kó ya ohun tó rí. Òfin tí bàbá náà fi lélẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: yà á ná, kí o tó sọ ọ́ lórúkọ. Ọwọ́ tó ń yà á kò lè fo ohunkóhun, àmọ́ ojú lè fò ó.

Báyìí ni Kai Ring ṣe mọ àwọn kòkòrò ibà ilẹ̀ wa bí ìyá ṣe ń mọ ẹsẹ̀ ọmọ lójú ọ̀nà. Ibà apànìyàn ń bẹ, èyí tí òrùka rẹ̀ kéré, tí méjì lè wọ inú hóró kan ṣoṣo. Ibà afojọ́ ń bẹ, èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, tó máa ń mú èèyàn lónìí, tí yóò fo ọ̀la, tí yóò tún dé lọ́túnla. Afojọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, bó bá tọ́ kí a pè é bẹ́ẹ̀. Hóró tí afojọ́ bá wọ̀ á wú, àmì pupa wínníwínní á kún ara rẹ̀, kòkòrò náà á sì máa nà kiri nínú rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tó fẹ́ jókòó sí. Nígbà tó bá ṣe, á pín ara rẹ̀ sí ọmọ mẹ́rìndínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, hóró á bẹ́, ibà á dé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ló kọjá lójú Kai Ring.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà. Nẹ́ẹ̀tì dé, oògùn dé, wọ́n fín oògùn ẹ̀fọn sínú ilé. Láàárín ọgbọ̀n ọdún, ibà ń dín kù, ó ń dín kù, títí tó fi di ọdún 2013 tí Kai Ring rí afojọ́ tó kẹ́yìn. Láti ìgbà náà, gíláàsì tó ń wò kò dín ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ́dún, ojú igba, ìyẹn ibi igba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ló ń wò lórí ìkọ̀ọ̀kan kó tó kọ ọ́ pé kò sí nǹkan, kò sì sí nǹkan lóòótọ́. Inú gbogbo wa dùn. Inú tirẹ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ fún mi pé nígbà mìíràn ó máa ń dà bíi pé wọ́n kó gbogbo ará àdúgbò òun lọ, òun nìkan ló kù tó ń gbálẹ̀ ọ̀nà.

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù keje ọdún 2019, nígbà tí òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, wọ́n gbé Naw wá. Àgbẹ̀ onírèké ni Naw, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, abúlé tó wà lókè odò ló ti wá. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Kai Ring gún un níka, ó ṣe aró, ó jókòó. Kò tíì dé ojú ogún tí ó fi rí i: hóró tó wú, àmì pupa wínníwínní, kòkòrò búlúù tó sanra nínú rẹ̀.

Inú rẹ̀ dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, òun fúnra rẹ̀ kò fi pamọ́. Ọkùnrin kan ń gbọ̀n nínú yàrá kejì, inú Ìyá Agúnka sì ń dùn bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti àjò dé.

“Háà, ìwọ rèé!” ló wí, òun nìkan nínú yàrá.

Ó kọ “afojọ́” sínú ìwé, ó fọwọ́ sí i, ó fi ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Kò ya nǹkan kan.

Kò pé wákàtí kan tí Ọ̀gá Duan fi já wọ yàrá. Duan ni olórí wa nílé ìwòsàn, kò ju ọmọ ogójì ọdún lọ, èèyàn dáadáa ni, àmọ́ àyà rẹ̀ kì í pẹ́ já.

“Àǹtí Kai, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé ẹ̀ ń ṣeré ni.”

“Ọ̀gá, ṣé ẹ ti rí mi kí n fi ẹ̀jẹ̀ ṣeré rí?”

“Ọdún kẹfà rèé tí a kò ti rí ibà tibí! Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá wò wá, kí wọ́n fún wa níwèé ẹ̀rí pé ibà ti tán nílẹ̀ wa. Níbo lẹ ti wá fa èyí yọ?”

“Nínú ìka Naw ni. Ṣé kí n dá a padà síbẹ̀?”

Duan jókòó, ó di orí mú. Wọ́n ti bi Naw ní ìbéèrè tó wà nínú ìwé: ṣé ó kúrò nílé láàárín oṣù kan sẹ́yìn? Ó ní òun kò kúrò. Afojọ́ sì ni ibà ilẹ̀ wa; bí kò bá kúrò, a jẹ́ pé ilé ni ibà ti bá a. Bí ilé ni ibà ti bá a, ẹnì kan ló gbé e wọlé wá fún ẹ̀fọn. Òfin ni pé kí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí Kunming, olú-ìlú Yunnan, kí àwọn ọ̀gá àgbà tún un wò, àmọ́ òkè ya lulẹ̀ dí ọ̀nà ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé yẹn kan náà, wọ́n sì ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ọkọ̀ tó lè kọjá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn òṣìṣẹ́ gòkè lọ sí abúlé Naw, wọ́n fín ilé, wọ́n gún gbogbo èèyàn níka, àtàgbà àtọmọ ọwọ́. Gíláàsì mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n kó wá bá Kai Ring, kò sì rí nǹkan kan nínú ọ̀kankan. Kò rí nǹkan kan nínú ti Roi San, ìyàwó Naw, náà. Ṣùgbọ́n òdìkejì odò ni wọ́n ti fẹ́ Roi San wá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló sì gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kọjá lọ fi han ìyá rẹ̀. Gbogbo abúlé ló rí i nígbà tó ń lọ, wọ́n rí i nígbà tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó tún nílò gíláàsì mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́rú, Kai Ring lọ gún Naw níka lẹ́ẹ̀kan sí i, láti mọ̀ bóyá oògùn ti ń pa àwọn kòkòrò náà. Ibà ti sọ̀ díẹ̀, ó sì bá ọkùnrin náà tó ń sunkún.

“Kí ló dé? Abẹ́rẹ́ yìí náà ni?”

“Màmá, wọ́n fẹ́ dá Roi San padà.”

“Ta ni wọ́n?”

“Ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní ẹni tó kó ibà wọlé kò lè sùn nílé wa mọ́. Wọ́n ti ránṣẹ́ sáwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n wá pàdé rẹ̀ létí odò.”

“Ọmọ ńkọ́?”

“Ọmọ ìdílé wa ni. Kò ní lọ.”

“Oṣù mélòó ni ọmọ náà?”

“Mẹ́fà.”

Kai Ring gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. “Ìwọ ńkọ́, Naw? Kí lo wí sí i?”

Naw kọjú sí ògiri. “Bàbá mi ti kú, ẹ̀gbọ́n ló nilé. Kí ni kí n wí? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ibà ilé ni?”

Kai Ring mọ ẹ̀gbọ́n náà, Gam. Ó mọ̀ ọ́n láti 1983, nígbà tí Gam wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí ibà pa bàbá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, kí ìyá wọn tó bí Naw fún ọkọ kejì. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ kò lè pè é ní ìkà bó bá ń sá fún ibà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Naw sọ gún Kai Ring láyà. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ó pa dà sí yàrá rẹ̀, ó sì rántí pé òun kọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ òun kò yà á.

Ó wá pẹ́ńsù. Ó fi gíláàsì ọjọ́ Ajé sábẹ́ awò, ó mú hóró kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á.

Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó fẹ́ ya òbìrìkìtì, ọwọ́ kọ̀. Hóró náà kò rí roboto, ó gùn bí ẹyin adìẹ. Ó yà á bẹ́ẹ̀. Ó dé ìdí rẹ̀, ìdí náà fà ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí etí aṣọ tí wọn kò ṣẹ́. Ó yà á bẹ́ẹ̀. Ó dé orí kòkòrò inú rẹ̀, èyí tó yẹ kó máa nà kiri, kò nà síbì kankan, ó ká jọ síbì kan, ó le. Kai Ring sún gíláàsì síwájú, ó wá èyí tó ti dàgbà, èyí tó ti pín. Ó ka ọmọ inú rẹ̀: mẹ́jọ. Ó wá òmíràn: mẹ́jọ. Òmíràn, mẹ́wàá. Òmíràn, mẹ́jọ, tí wọ́n yí ẹyọ dúdú kan ká bí ẹbí tó jókòó ti iná.

Kì í ṣe afojọ́. Ibà ẹlẹ́yin ni.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló rí i rí, ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kunming, gíláàsì kan láàárín ọgbọ̀n èèyàn, tí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún un pé kó yára. Wọ́n ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni ilé rẹ̀. Wọ́n ní kò sí nílẹ̀ wa, kò sì sí rí. Àwa tí a kò mọ ju afojọ́ lọ, bí a bá rí hóró tó wú tó sì ní àmì pupa, ẹnu wa ti pe afojọ́ kí ojú tó wò ó tán. Kai Ring gbé orí sókè kúrò lórí awò. Ìtìjú wà níbẹ̀, àmọ́ ó sọ pé ohun tó pọ̀ jù lára òun nígbà náà ni ìyanu. Ohun tí kò tó eruku ni, ó ti rìn láti ìpẹ̀kun ayé wá jókòó sí iwájú òun.

Ó sáré bá Naw.

“Ìwọ! Kí o tó gbé ìyàwó, ibo lo wà?”

“Gánà. Mo ń wa katakata níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà.”

“Kí ló dé tí o kò sọ?”

“Oṣù kan sẹ́yìn ni wọ́n béèrè. Ogún oṣù rèé tí mo ti dé.”

“Ṣé ibà mú ọ níbẹ̀?”

“Ta ni kì í mú níbẹ̀, Màmá? Mo lo oògùn, ó lọ.”

“Kò lọ. Ó sùn ni.”

Naw wò ó bí ẹni tó ń wo wèrè. Kai Ring jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣàlàyé fún un. Ó ní oògùn tó lò ní Gánà pa àwọn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ àwọn kan ti sá wọ inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n dákẹ́ sí. Wọn kò jẹ, wọn kò bímọ, àyẹ̀wò kankan kò lè rí wọn. Wọ́n bá a wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n bá a dé ilé, wọ́n bá a jó níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Ogún oṣù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó sọ fún wọn pé ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n jí.

“Nínú mi?” ni Naw wí. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún. “Gbogbo ìgbà yẹn, nínú mi níbí?”

“Nínú rẹ níbẹ̀.”

Ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀, Kai Ring gbé ohun tó yà lọ bá Ọ̀gá Duan. Inú Duan dùn débi pé ó fò dìde, lẹ́yìn náà ló tún jókòó wọ̀ọ̀.

“Àǹtí Kai, ta ló máa gbà wá gbọ́? Lọ́jọ́ Ajé a ní ibà ilé ni, lọ́jọ́bọ̀ a ní ibà òkèèrè ni. Wọ́n á ní a yí i nítorí ìwé ẹ̀rí.”

“Ohun tí mo rí ni mo yà.”

“Ẹ jẹ́ kí Kunming sọ ọ́. Ọ̀nà á là lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Oògùn kan náà kúkú ni wọ́n fi ń wo méjèèjì.”

“Oògùn kan náà ni fún Naw. Oògùn wo lẹ fẹ́ fún ìyàwó rẹ̀ lọ́la?”

“Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tiwa.”

“Èmi ni mo kọ ọ́, ọ̀gá.”

Duan wò ó, ó rọ ohùn sílẹ̀. “Àǹtí, oṣù méjì ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́rìndínlógójì, ẹ kò ṣi gíláàsì kan pè rí. Gbogbo Yunnan ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé báyìí lẹ fẹ́ parí rẹ̀?”

Ó dun Kai Ring. Kí n má parọ́, ó dùn ún gan-an ni, nítorí orúkọ yẹn nìkan ni nǹkan tó kó jọ láyé. Ó béèrè ìwé tuntun lọ́wọ́ Duan, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ṣi ẹ̀jẹ̀ Naw pè. Ó fọwọ́ sí i.

Máíkíróskóòpù àtijọ́ kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láàbù, irú èyí tí kò lo iná, tí ó ń fi dígí kékeré gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Kai Ring dì í sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé e pọ̀n, ó gun òkè. Wákàtí méjì ni nínú ẹrẹ̀. Òjò dá, oòrùn yọ, ó sì ń dúpẹ́ ní gbogbo ojú ọ̀nà pé ó yọ.

Ó bá wọn níwájú ilé. Gam jókòó lórí àpótí pẹ̀lú àgbàlagbà méjì, ìgò ọtí ìrẹsì wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó mu. Roi San dúró lọ́tọ̀. Wọ́n ti kó gbogbo ohun tó mú wá sílé ọkọ sínú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, okùn rẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀, ọmọ sì wà ní àyà rẹ̀. Wọ́n fún un láàyè láti fún un lọ́mú lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sunkún. Ojú rẹ̀ ti gbẹ.

“Ìyá Agúnka,” ni Gam wí, “ẹ ti gún wa tán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ta lẹ tún wá gún?”

“N kò gún ẹnikẹ́ni. Mo wá sọ pé mo ṣìṣe ni. Ibà tó mú Naw kì í ṣe ibà ilé. Gánà ló ti gbé e wá.”

“Ogún oṣù?” Gam rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. “Ẹ lọ wá irọ́ tó mọ́gbọ́n dání ju ìyẹn lọ. Duan ló rán yín, nítorí ìwé ẹ̀rí rẹ̀.”

“Duan ní kí n má wá.”

“Lọ́jọ́ Ajé ńkọ́? Ṣé ojú ẹlòmíràn lẹ fi wò ó lọ́jọ́ Ajé?”

“Ojú mi yìí náà ni. Nítorí náà ni mi ò ṣe ní kí ẹ gba ojú mi gbọ́. Ẹ wá fi tiyín wò ó.”

Ó dojú odó dé, ó gbé awò náà lé e, ó yí dígí títí oòrùn fi wọlé. Gíláàsì méjì ló mú wá. Ó fi èyí àkọ́kọ́ sí i, ó wá ohun tó ń wá, ó sì fi orí abẹ́rẹ́ inú awò tọ́ka sí i. Àwọn àgbàlagbà méjèèjì kọ́kọ́ wò ó. Ọ̀kan ní òun kò rí ju òfuurufú lọ, ìkejì wò ó, ó tún un wò.

“Ṣé nǹkan yìí ní ẹ̀mí?” ló béèrè.

“Ó ní ẹ̀mí nígbà náà. Afojọ́ ni, ti abúlé yín níbí, 1983. Láti ìgbà náà ni mo ti tọ́jú gíláàsì rẹ̀.”

Gam dìde. Ó rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fojú sí i.

“Ẹ ka àwọn ọmọ inú rẹ̀ fún mi,” ni Kai Ring wí.

Gam kà á sókè. Ó dé mẹ́rìndínlógún. Kò gbé ojú kúrò. “Ẹ̀jẹ̀ ta ni?”

“Nọ́ńbà nìkan ló wà lára rẹ̀.”

“Ṣé ó lè jẹ́ ti bàbá mi?”

“Ó lè jẹ́ tirẹ̀. N kò mọ̀, Gam.”

Kai Ring yọ gíláàsì náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi ti Naw sí i, ó tọ́ka. Gam tún bẹ̀rẹ̀. Ó kà á: ó dé mẹ́jọ, ó dúró. Ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kai Ring sún un sí òmíràn, ó kà á, mẹ́jọ. Ó sún un sí òmíràn. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Gam gbé ojú kúrò lórí awò.

“Ó gùn bí ẹyin,” ló wí. “Kò jọ tàkọ́kọ́. Kò jọ ọ́ rárá.”

“Kò sí ẹnì kan lódìkejì odò tó ní irú rẹ̀ lára. Kò sí níbí, kò sí lọ́hùn-ún. Naw ló gbé e wọlé, kò sì mọ̀.”

“Ó jókòó ti iná wa,” ni Gam wí, bíi pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. “Ó bá wa jẹun. Ogún oṣù! Mo ń wá a kiri lára obìnrin yìí, ó wà lára àbúrò mi.” Ó jókòó sínú ẹrẹ̀.

Àgbàlagbà tó rí òfuurufú ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tún wò ó. Ó ní ohun tó bá lè ti Gánà dé ibí láìní ìwé ìrìnnà, ó yẹ kí èèyàn kí i. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n rán ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò pé kí àwọn èèyàn Roi San máa lọ sílé wọn.

Gbogbo ìgbà tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó bá Roi San sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló rìn wá, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn.

“Ẹ jẹ́ kí èmi náà wò ó.”

Wọ́n yẹra fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí ọmọ àti ẹrù, ó fojú sí awò. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. A kò mọ ohun tó ń kà. Nígbà tó nàró, Kai Ring ló kọjú sí.

“Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ pé ibà ilé ni?”

“Èmi ni, ọmọ mi. Inú mi dùn láti rí i, mo yára pè é.”

Roi San wò ó. Kai Ring kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí, àmọ́ kò gbé e sílẹ̀. Gam ti dìde, ó na ọwọ́ láti bá ìyàwó àbúrò rẹ̀ sọ ẹrù, Roi San sì yẹra fún ọwọ́ rẹ̀. Ó tú ọ̀já àyà rẹ̀, ó gbé ọmọ náà, ó sì fi í lé Ìyá Agúnka lọ́wọ́.

“Ẹ bá mi gbé e dání, Màmá,” ló wí. “Ẹrù yìí wúwo. Mo fẹ́ wọlé lọ tú u.”